Ooru Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: Bí SSD inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò ṣe máa tutù

Bí àríyá ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé bá ti parí, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àti àwọn tí ń ya fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí wọ́n yà láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni wọn yóò kó láti inú kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó jókòó tò ó. Nídìí ìkójọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ti ń rí ohun tí kò yé wọn. SSD tí wọ́n fi owó gidi rà yóò kọ́kọ́ sáré bí ẹṣin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ẹnìkan á ní ayédèrú ni wọ́n gbé fún òun ní Computer Village, ní Ìkẹjà. Ẹlòmíràn á ní kòkòrò ti wọ inú kọ̀ǹpútà òun. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, kòkòrò náà sì wà, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó pariwo olè, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò ó bí ara SSD náà ṣe gbóná tó.

Kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ fídíò nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH ní Ìkòròdú tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Olùkọ́ ní ọgbà Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Noforija, ní Ẹ̀pẹ́. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù: púpọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ wọn ń gbé inú SSD báyìí. Bí ó bá bàjẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lè bá a lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kí ni SSD? Háàdì dísìkì àtijọ́ ní abọ́ pẹlẹbẹ tí ń yí bí àwo orin, ó sì ní ọwọ́ kékeré kan tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí rẹ̀. SSD kò ní ohunkóhun tí ń yí nínú. Inú ṣíípù ni ó ń pa iṣẹ́ mọ́ sí, nípa kíkó iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn yàrá tín-ín-tìn-tín tí kì í jẹ́ kí iná náà tètè jáde, kódà bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà. Fujio Masuoka, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba, ni ó ronú kan irú ṣíípù yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1987 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú èyí tí à ń pè ní NAND han àwọn onímọ̀, òun sì ni ó wà nínú SSD títí di òní. Ní 1991, ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí SanDisk ta SSD kan fún IBM tí kò lè gbà ju mẹ́gábáìtì 20 lọ, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Kámẹ́rà ńlá mìíràn wà lóde òní tí fọ́tò ẹyọ kan ṣoṣo láti inú rẹ̀ kò ní wọ inú SSD ọjọ́ náà.

Nítorí pé kò sí ohun tí ń yí níbẹ̀, tí kò sì pariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé SSD kì í gbóná. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí iná bá ti ń ṣiṣẹ́, ooru gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀. Ohun méjì ni ó wà nínú SSD tí ó ń mú ooru wá: àwọn ṣíípù NAND tí iṣẹ́ ń gbé inú wọn, àti ṣíípù adarí, èyí tí ń pàṣẹ ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀ sí. Ṣíípù adarí yìí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òun ni ó sì máa ń gbóná jù.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Èkíní ni SATA, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n fi irin tàbí rọ́bà líle bò, tí wáyà méjì sì so mọ́ kọ̀ǹpútà. Kì í yára ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 550 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná tí ó ń jẹ kì í sábà ju wáàtì 2 tàbí 3 lọ, ara rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti tú ooru náà ká. Ẹni tí ó bá ń lo irú èyí kò ní wàhálà púpọ̀. Èkejì ni M.2, tí ó rí pẹlẹbẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, gígùn èyí tí ó wọ́pọ̀ jù jẹ́ mìlímítà 80. Kò ní wáyà. Ńṣe ni wọ́n ń tì í bọ inú ihò orí motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà dúró lé. Àwọn M.2 tí ń lo ìlànà NVMe ni à ń sọ̀rọ̀ wọn jù níhìn-ín. Ìran kẹta wọn ń ka nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 3,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìran kẹrin ń sún mọ́ 7,000, ìran karùn-ún sì ti kọjá 10,000. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, wọ́n lè jẹ wáàtì 5 sí 8. Ìran karùn-ún lè kọjá wáàtì 10.

Wáàtì mẹ́jọ lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Gílóòbù LED kékeré inú yàrá ń jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbá ìdí gílóòbù LED tí ó ti tàn fún wákàtí méjì mú rí, yóò mọ bí ó ṣe ń gbóná tó. Ẹ wá kó irú ooru bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kò tóbi ju ṣingọ́ọ̀mù lọ, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé SSD wọn pé láàárín 0°C sí 70°C ni kí a ti máa lò ó. Bí ooru bá kọjá ibẹ̀ tí ó ń lọ sí nǹkan bí 80°C, ṣíípù adarí yóò dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù. Kò bàjẹ́, kò sì ya ọ̀lẹ. Bí àgbẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán pa lóko ṣe ń fi ọkọ́ sílẹ̀ lọ jókòó lábẹ́ igi ni, kí ó má baà ṣubú. Bí ooru bá tún ń pọ̀ sí i, SSD náà lè dákẹ́ pátápátá, kí kọ̀ǹpútà sì kú lójijì. Ní 2023, nígbà tí àwọn SSD ìran karùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, àwọn tí wọ́n dán díẹ̀ nínú wọn wò láìfi irin kankan lé wọn lórí rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lò kí wọ́n tó kú dànù. Àwọn tí wọ́n ṣe é ní láti tún ètò inú rẹ̀ kọ, kí ó lè máa rọra dín iṣẹ́ kù dípò kí ó máa kú.

Ṣé ooru ń gé ẹ̀mí SSD kúrú? Ní 2015, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Carnegie Mellon àti ilé-iṣẹ́ Facebook gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn SSD tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńláńlá Facebook. Wọ́n rí i pé àwọn tí ara wọn ń gbóná sábà máa ń ní àléébù jù, àyàfi àwọn tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dín iṣẹ́ kù bí ooru bá dé. Ìyẹn ni pé ìwọ́bí-ìgbín tí ń bí ayàwòrán nínú yìí, òun náà ni ó ń dá ẹ̀mí SSD rẹ̀ sí. Ohun tí ó yẹ ni kí a mú ooru kúrò, kì í ṣe kí a máa bú SSD.

Ó tọ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàápàá máa ń pa wọ́n pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìfàsẹ́yìn ni ooru ń fà. Ọ̀pọ̀ SSD olówó pọ́ọ́kú ní ààyè kékeré kan tí ó yára, níbi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ gba iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tò ó sí ibi tí yóò gbé. Bí fídíò bá pọ̀ tí ààyè náà kún, SSD yóò lọ sílẹ̀, kódà bí ó bá wà nínú yàrá tí ó tutù. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé kí a wo ìwọ̀n ooru lákòókò náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ 50°C tàbí 55°C ni, ẹ fi ooru sílẹ̀. Ààyè ni ó kún. Bí ó bá ti lé ní 75°C, ooru ni.

Wíwò yìí kò gba owó. Nínú Windows 11, ẹ wọ Settings, kí ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà Storage, kí ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn dísìkì sí. Bí ẹ bá ṣí ti SSD NVMe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwọ̀n ooru rẹ̀ máa ń hàn níbẹ̀, pẹ̀lú iye ẹ̀mí tí ó kù fún un. Ètò kan tí à ń pè ní CrystalDiskInfo tún wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka ti SATA náà. Kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan, àti nígbà tí ẹ ti ń kó fáìlì ńlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí kejì ni ó sọ òótọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ju bí ó ti le ní ìlú àwọn tí wọ́n ṣe SSD ni afẹ́fẹ́ inú yàrá. SSD kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Àwọn tí wọ́n ń dán SSD wò tí wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú yàrá tí kò ju 20°C sí 25°C lọ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ọdún, ooru ọ̀sán máa ń dé 32°C sí 34°C lábẹ́ ìbòòji. Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi páànù bò, tí kò ní àjà, tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá jẹ́ 34°C, ti inú àpótí kọ̀ǹpútà lè dé 42°C tàbí 45°C. SSD NVMe tí kò ṣe iṣẹ́ kankan lè máa wà ní nǹkan bí 50°C sí 55°C níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, tí ó sì fi ìwọ̀n 25 péré kún un, ó ti dé bèbè 80°C nìyẹn. Irú kọ̀ǹpútà kan náà, lọ́wọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ń gbé Peckham ní London, nínú yàrá 20°C, kò ní kọjá 65°C lórí iṣẹ́ kan náà. Kì í ṣe pé wọ́n ta ojúlówó fún ìyẹn kí wọ́n tó ta ayédèrú fún ti ilé.

Gbogbo ará Ìkòròdú ni ó mọ ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin, tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà níhà Ìjẹ̀dẹ́. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó ní, wọ́n sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láti lè pèsè mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ 1,320. Ìdí kan tí wọ́n fi kọ́ ọ sétí omi ni pé omi ọ̀sà ni wọ́n ń fà wọlé láti fi gbé ooru kúrò lára àwọn ẹ̀rọ náà. Bí ó ti tóbi tó, ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé kò yàtọ̀ sí ti SSD: ooru kì í parẹ́, ńṣe ni à ń gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ní Ẹgbin, omi ni ó ń gbé e. Nínú kọ̀ǹpútà, afẹ́fẹ́ ni. Bí irin bá gba ooru lára ṣíípù, tí afẹ́fẹ́ kò sì gbà á lára irin, gbogbo wọn yóò jọ gbóná pọ̀ ni.

Nítorí náà, àpótí kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní CPU, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tábìlì, kí ilé lè rẹwà. Àwọn mìíràn ń fi aṣọ léèsì bò ó. Aṣọ dára nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, nítorí eruku, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tàn án ni kí wọ́n ti ṣí i kúrò. Kí àlàfo tó gbọ̀nwọ́ kan, ó kéré tán, wà láàárín ẹ̀yìn àpótí náà àti ògiri.

Lẹ́yìn èyí ni fáànù. Iwájú ni ó yẹ kí afẹ́fẹ́ tútù ti máa wọlé, kí ó gba orí motherboard kọjá, kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kò ní ju fáànù kan lọ lẹ́yìn, nígbà mìíràn ẹni tí ó tún un ṣe kẹ́yìn ti dojú rẹ̀ kọ inú. Ẹ mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sún mọ́ ọn: bí ó bá ń fa bébà náà mọ́ra, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé nìyẹn, bí ó bá ń tì í kúrò, ó ń tú u jáde. Fáànù méjì tí àwọn méjèèjì ń fà wọlé, tàbí tí àwọn méjèèjì ń tú jáde, kò ṣe ohun tí ọ̀kan iwájú àti ọ̀kan ẹ̀yìn ń ṣe. Fáànù iwájú kan péré, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó SSD, sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju irin olówó ńlá lọ.

Ọgbọ́n kan wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, kí wọ́n sì dojú fáànù onídùúró kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ooru SSD yóò lọ sílẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, etí ọ̀sà ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wọn pọ̀, eruku ọ̀nà sì ń bẹ. Ohun gbogbo tí fáànù bá gbá ni yóò kó sínú kọ̀ǹpútà náà. Ọmọńlé tún fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò tíì bá òkú rẹ̀ lórí motherboard rí, iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ pàjáwìrì bá dé, kí a ṣí i, kí a sì dé e padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Eruku fúnra rẹ̀ dà bí aṣọ òtútù lára ẹ̀rọ. Ní àkókò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ó dára kí a máa gbọn inú kọ̀ǹpútà lóṣooṣù. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta tó. Kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, tàbí kí a fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Kí a fi ìka di abẹ fáànù mú bí a bá ń fẹ́ ẹ, kí ó má baà yí ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ tútù nu inú rẹ̀.

Ibi tí SSD wà lórí motherboard tún ṣe pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ihò M.2 àkọ́kọ́ wà ní ìsàlẹ̀ ṣíípù ńlá tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lókè tàbí lábẹ́ káàdì tí ń gbé àwòrán jáde. Àwọn tí ń to fídíò ń lo káàdì ńlá, ooru tí káàdì náà ń tú jáde sì ń kọ lu SSD tààrà. Bí ihò kejì bá wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ fáànù iwájú dé, gbígbé SSD lọ síbẹ̀ lè mú ooru rẹ̀ wálẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Kí a kọ́kọ́ ka ìwé motherboard náà o, nítorí ihò kejì lè má yára tó ti àkọ́kọ́, ó sì lè pa ojú ihò SATA kan tàbí méjì.

Irin tí ń fa ooru ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ rà kí wọ́n tó ṣe gbogbo èyí. Ó wúlò, pàápàá fún ìran kẹrin, ó sì di dandan fún ìran karùn-ún. Àwọn motherboard tuntun kan ti ní tiwọn. Láàárín irin náà àti SSD ni rọ́bà rírọ̀ kan máa ń wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ooru kọjá láti ara ṣíípù sí ara irin. Wọ́n máa ń fi ọ̀rá tín-ín-rín bo ojú rọ́bà náà láti ilé-iṣẹ́ wá. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí ọ̀rá yìí. Wọ́n á de irin mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ooru á sì há sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi irin sí i tí ooru kò wálẹ̀, kí ó tú u wò, ọ̀rá náà lè wà níbẹ̀. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara SSD fúnra rẹ̀, èyí tí orúkọ àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe bó o: ẹni tí ó bá bó o lè pàdánù ẹ̀tọ́ àtirọ́pò, àwọn kan nínú bébà náà tilẹ̀ ní bàbà fẹ́lẹ́ nínú tí ń tú ooru ká. Gírísì mẹkáníìkì kò lè rọ́pò rọ́bà náà rárá. Kí ìdè irin náà má sì le jù, nítorí SSD kò nípọn, ó lè tẹ̀.

Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù lè rò pé kò kàn wọ́n. Yàrá tí ó wà ní 25°C dára fún SSD lóòótọ́. Ohun tí kò dára ni kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ti tutù rinrin, tàbí kí wọ́n gbé e láti yàrá tútù sínú ooru etí ọ̀sà, kí wọ́n sì tàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi yóò sẹ̀ sí i lára bí ó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Kí ó jókòó fún wákàtí kan kí wọ́n tó tàn án. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ṣíípù NAND kò fẹ́ kí òtútù mú àwọn. Wọ́n ń gba iṣẹ́ sílẹ̀ dáadáa bí ara wọn bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣíípù adarí ni kí a máa lé ooru rẹ̀ kúrò. Láti 40°C sí 65°C lẹ́nu iṣẹ́, kí ọkàn oníṣẹ́ balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣeé yọ sílẹ̀ nínú èyí. Bí Ẹgbin ti sún mọ́ Ìkòròdú tó, àwọn ará ìlú náà mọ̀ pé ìyẹn kò ní kí iná má lọ. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí SSD ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí ó ń kọ lè bàjẹ́, ètò tí ó fi ń rántí ibi tí gbogbo nǹkan wà sì lè dàrú. Àwọn SSD olówó ńlá ti àwọn ilé-iṣẹ́ ni ó ní ohun tí ń di iná mú fún wọn nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ti inú ilé kì í sábà ní i. UPS kékeré tàbí ínfátà ni àtúnṣe. Ẹni tí ó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, kí ó gbé e jìnnà sí fèrèsé tí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé. Ooru rẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n ooru kọ́ ni ó burú jù nínú rẹ̀: èéfín rẹ̀ ti pa odindi ìdílé rí lójú oorun.

Ó ku SSD tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2015, ìròyìn kan gba ayé kan pé SSD tí wọ́n yọ kúrò lára iná lè gbàgbé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Inú ìwé tí Alvin Cox, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Seagate, gbé kalẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe alága ìgbìmọ̀ kan ní JEDEC, ẹgbẹ́ tí ń ṣe òṣùwọ̀n fún irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ni wọ́n ti fà á yọ. Cox fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé wọ́n ṣì í kà: àwọn SSD tí wọ́n ti lò títí ẹ̀mí wọn fi tán ni ìṣirò náà ń sọ. Òṣùwọ̀n JEDEC fún SSD inú ilé ni pé, lẹ́yìn tí ó bá ti lo gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ tán, ó ṣì gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, ní ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30°C. SSD tuntun lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ooru ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí bá fi ìwọ̀n 5 péré lé sí i, àkókò náà ń dín kù tó nǹkan bí ìlàjì. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti pa, tí oòrùn ń pa páànù orí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò kúkú wà ní 30°C. Nítorí náà, SSD ògbólógbòó tí fídíò àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó máa sùn sínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún dé ọdún. Kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n ṣí fáìlì inú rẹ̀ wò, kí ẹ̀dà mìíràn sì wà lórí háàdì dísìkì àtijọ́, tí ìyẹn fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣì dára ju SSD lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tuntun kò nílò ìran karùn-ún láti fi tẹ ìwé tàbí ṣe ìṣirò owó ọjà. SATA tó o, ìran kẹta tilẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, ooru wọn kò sì ní dà á láàmú. Oníṣẹ́ fídíò lè ra ìran kẹrin, kí ó sì fi owó tí ìbá fi kún ti ìran karùn-ún ra fáànù méjì àti UPS.

Bí ìwọ̀n ooru bá sì dé 80°C nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí a má ṣe fa wáyà yọ. Kí a dá ìkójọ náà dúró, kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti fáànù rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a wá máa kó ìyókù díẹ̀díẹ̀. Yìnyín kò sí lára oògùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fíríìjì kọ́. Káàdì kámẹ́rà tí ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́ títí tí ẹ̀dà kejì yóò fi wà ní ibòmíràn, tí wọ́n sì ti ṣí i wò.